Alhájà Ò Fẹ́ Wọ Ẹ̀wù Amúniléfòó

Lọ́jọ́ náà, ayọ̀ kún agboolé Alhájà lẹ́yìn Ọjà'ba bámúbámú. Alhájà Kúlúsúmù, télọ̀ aṣọ ọmọdé, ń di báàgì, ó ń kọrin, ó sì ń jó díẹ̀díẹ̀ sí i. Abdulmumin ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó ló ní kí ìyá òun wá, kí àwọn jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí òkun!

"Morádéyọ̀, jókòó síbí jàre," ló ké sí aládùúgbò rẹ̀, ẹni tó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. "Kí ni wọ́n ń fi ojoojúmọ́ ṣe níbẹ̀? Àbí a óò kàn máa wo omi ni?"

Morádéyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Wo omi kẹ̀? Alhájà, ìlú ńlá ni o! Láàárọ̀, ẹ óò jẹun títí ẹ óò fi ní ó tó. Àwọn kan á máa lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan á máa jó, àwọn kan á na ara sórí àga gbọọrọ, wọ́n á máa yá oòrùn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, eré orí ìtàgé yá. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí ìlú kan, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ lọ nájà."

"Yéè! Ọmọ mi ṣeun o!" Alhájà pàtẹ́wọ́. "Mi ò ní sùn rárá!"

"Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fọn fèrè. Gbogbo èrò á pé jọ, wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù amúniléfòó tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, wọ́n á sì fi ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń gba èèyàn là hàn yín, bí ewu bá dé."

Ojú Alhájà yí padà lójijì. "Ewu wo? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu ẹni la fi í kọ 'mi ò jẹ'. Èmi ò bá wọn fi ikú dánra wò o, kí n má baà fọwọ́ ara mi pè é wá. Bí wọ́n bá fọn fèrè wọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa sá sí!"

"Ẹ gbà mí! Alhájà, wọ́n lè ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, kí ọkọ̀ máa lọ."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Alhájà. Gbogbo ìgbádùn tó ti ń rò látọjọ́ yìí, ṣé bó ṣe máa bọ́ nìyẹn? "Kí n má lọ mọ́ ni?" ló béèrè.

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ má bínú, màámi. Ta ló máa ń lé wa jáde lọ́dọọdún pé ká kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí òjò tó dé?"

"Èmi ni. Ta ni ò mọ ohun tí omi Ògùnpa lè ṣe tó bá kún?"

"Ṣé ẹrẹ̀ tí ẹ ní ká kó ló ń pe àgbàrá wá ni?"

Alhájà tún gbé báàgì rẹ̀ nílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Morádéyọ̀, o mú mi lónìí!"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fídíò kan dé sórí fóònù Morádéyọ̀. Fèrè ọkọ̀ ń dún kíkankíkan. Alhájà ló ṣáájú gbogbo èrò, ó ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lé ìró àti bùbá, ó sì ń pariwo Yorùbá mọ́ obìnrin òyìnbó kan tó ń lọ́ra: "Màdáàmù, ẹ so tiyín dáadáa! Ẹ fà á kó le!"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì múra sílẹ̀. Ìbáà ṣe ọkọ̀ òkun lẹ fẹ́ wọ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀ ojú ọ̀sà tàbí ti odò kékeré, ẹ béèrè ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí wọ́n bá ń kọ́ èrò bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, ẹ má sá. Inú omi kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.