Ta Ló Máa Ṣọ́ Aṣọ Lọ́jọ́ Ìkórè?

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè lọ́dún 1983. Lydia, ìyá Péjú, aládìrẹ Ìtòkú, ti múra, ó ń kọ orin Ìkórè lábẹ́lẹ̀. Kọ́tìnì tí òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní Kuto ní kó ṣe wà lórí okùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ẹ́ láró, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya àwòrán sí i kí aró má bàa wọ ibẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gbà á. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, orúkọ Lydia á dé Èkó.

Péjú bi í pé, "Màmá, ta ló máa ṣọ́ aṣọ?"

"Ọlọ́run tá a fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Ó ti géètì pa. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni gbogbo wọn, ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n yà. Nígbà tí Kùdírátù, ọmọ Láwàlì aládùúgbò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, wá béèrè iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣe ni Lydia rẹ́rìn-ín: "Onírúurú èèyàn, onírúurú ìjà. Àwa tá a gbọ́ ara wa yé là ń ṣe é."

Lydia ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àkùkọ Ìkórè tán nínú báṣà, ọjà ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ni òjò dé. Yéè! Ó ki àkùkọ bọ abíyá, ó sáré wálé, gèlè bọ́ sọ́nà. Òjò ti fọ ẹ̀kọ dànù, aró sì ti ṣàn káàkiri aṣọ. Kùdírátù dúró lẹ́nu géètì, ó rin gbingbin.

"Mo pariwo títí, mà. Ẹ ti géètì pa."

Lydia bú sẹ́kún, àkùkọ náà sì ń kọ lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ má sunkún, mà. Aṣọ ò bàjẹ́ tán. Bí a bá fi ìko dì í, ká tún rẹ ẹ́ láró, ibi tá a dì á wà ní fẹ́ẹ́rẹ́, ìyókù á dúdú minimini."

"Wọlé, ọmọ mi. Dákun, wọlé."

Ìjà náà ò ṣàì wáyé o. Akọrin kan ń kùn pé Kùdírátù ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kírun. Lydia ní kí wọ́n jókòó: ẹni tó ń kírun á sọ àsìkò rẹ̀, ẹlòmíì á dúró sídìí aró, lọ́jọ́ Ìsinmi, Kùdírátù á ṣọ́ aṣọ. Ẹni tó mọ ẹ̀kọ ọ́ yà àti ẹni tó mọ ìko ọ́ dì sì ń kọ́ ara wọn níṣẹ́, títí tí ariwo fi di ẹ̀rín.

Lọ́jọ́rú, máníjà òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gbẹ́ni Bándélé, yẹ aṣọ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Èyí mà dára ju àpẹẹrẹ tí mo kọ́kọ́ rí lọ!" Ṣùgbọ́n ìdajì péré ló ti parí, máníjà sì gbé iṣẹ́ tó kù fún ẹlòmíràn. Ó dun Lydia wọra.

"Kùdírátù, èmi ni mo jẹ̀bi. Ká ní mo gbà ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni, odindi iṣẹ́ ni à bá fi lé wọn lọ́wọ́."

Àkùkọ Ìkórè ńkọ́? Wọ́n ní kí Láwàlì, bàbá Kùdírátù, wá pa á bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń pa ẹran, kí gbogbo wọn lè jọ jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ gba ẹni tó mọ ohun tẹ́ ò mọ̀, kẹ́ ẹ sì bá a ṣàdéhùn kí ìjà tó dé. Torí bí gbogbo yín bá lọ sóde kan náà lọ́jọ́ kan náà, ta ló máa káṣọ nígbà tójò bá dé?