Ọmọ Tí Wọ́n Kọ Sílé Méjì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Saykal, ìjà ló bá wá.

Mo jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Janibulak, mo ń fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sórí máàpù, nígbà tí obìnrin kan ṣílẹ̀kùn wọlé láìkànkùn. Yìnyín ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó na ìka sí ìlà tí mo fà.

"Ẹ̀yin lẹ fa èyí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ti fẹsẹ̀ rìn ín rí?"

"Kí ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn?"

"Títì márosẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún méje máa sọdá láràárọ̀ yìí!"

Mo wo máàpù. Lórí bébà, títì náà kò ju okùn bàtà lọ. "Ìlà tó tọ́ ni," mo dáhùn. "Ó pín àdúgbò sí méjì ọgbọọgba."

"Ó pín ilẹ̀ sí méjì. Ṣé ilẹ̀ ló ń lọ síléèwé ni?"

Òun ni igbákejì ọ̀gá iléèwé kan ṣoṣo tí a ní. Ẹgbẹ̀rin ọmọ ni wọ́n kọ́ iléèwé náà fún. Ṣùgbọ́n ọdọọdún làwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá kọ́lé sọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Ìpín mẹ́ta ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lóòjọ́. Ìpín àkọ́kọ́ ń kúrò nílé kí oòrùn tó yọ, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ìpín kẹta tó délé.

Iléèwé kejì ti ń ga bọ̀ nígbà náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ni yóò ṣí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fa ìlà tí yóò sọ ọmọ tí yóò lọ síbí àti èyí tí yóò lọ sọ́hùn-ún. Bí ìlà náà bá wọ́, iléèwé tuntun yóò kún àkúnya lọ́jọ́ tó ṣí gan-an.

Ọ̀gá wa gbọ́ ariwo wa, ó yọjú. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ máa lọ," ó ní. "Ẹ rìn dé gbogbo ilé. Ẹ ka àwọn ọmọ."

Báyìí ni ìrìn wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Fúnra mi ni mo kọ́ iṣẹ́ máàpù, láti inú ìwé àtijọ́ kan tí mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. Mo fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere kan ṣe ohun ìwọnlẹ̀. Mo so irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, á dún "tá!" Mítà méjì ni yíyí kan. Èmi ń ka "tá," Saykal ń ka ọmọ.

Ilé tí a bá wọ̀, tíì àti búrẹ́dì ni. A kì í kọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ilé á wò wá, wọ́n á ní, "Tọkọtaya yìí mà bára mu o!" Saykal á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìyàwó rẹ̀." Èmi náà á ní, "Kẹ̀kẹ́ kò kúkú lẹ́nu tó tirẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ojú òun àti ti ọmọ lè ṣe déédéé kó tó béèrè orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń fi pẹ́ńsù há irun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a ń wọn ẹ̀bá odò àfọwọ́gbẹ́ tí a fi ń bomi rin ọgbà. Ibẹ̀ la fẹnu kò pé kí ìlà gbà, nítorí afárá onípákó mẹ́rin wà lórí rẹ̀, ọkọ̀ kò sì lè gba ibẹ̀. Ó ṣàdédé dúró.

"Taalay, o ò kà á mọ́."

Ẹnu yà mí. Láti oṣù méjì, "ẹ" ni a ń pe ara wa. "Kí lo wí?"

"Mo ní o ti gbàgbé kíkà."

"Mo gbàgbé lóòótọ́," mo ní. "Ìwọ ni mò ń wò."

Ìtìjú mú un. "Ó dáa, olùfẹ́ mi," ó ní jẹ́ẹ́, "padà sí afárá kejì, kó o bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀." Ọ̀rọ̀ olùfẹ́ yẹn, mo gbé e rìn padà dé afárá bí ẹni gbé ẹyin.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, màmá mi di yẹtí fàdákà sínú áńkáṣíìfù, a lọ sílé wọn. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyá ọkọ bá ti fi yẹtí sétí ọmọbìnrin, ó parí, ọmọ ti ní ẹni tó fẹ́ ẹ.

Bàbá Osmon, bàbá Saykal, ti fi ogójì ọdún wa katakata. Ó gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó da tíì fún wa, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Ọmọ ta ni ọ́, ọmọ mi? Ka àwọn baba rẹ fún mi."

Mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Ẹni tí kò bá lè ka baba rẹ̀ méje, ẹrú ni àwọn ènìyàn wa ń pè é. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá sì pàdé lọ́dọ̀ baba kan náà láàrin ìran méje, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Bàbá mi kọ́ mi ní kíkà yìí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọdún méjì kó tó kú. Mo kà á bí orin. Èkíní bàbá mi, èkejì Sadyr, ẹ̀kẹta Imanaly, títí mo fi dé ìkeje.

"Kaldarbek."

Ife tíì dúró sókè lọ́wọ́ Bàbá Osmon. "Kaldarbek wo?"

"Kaldarbek Olójú-kan. Ẹyẹ idì tó fi ń ṣọdẹ ló fọ́ ọ lójú."

Bàbá fò dìde, ó gbá mi mọ́ra. "Ẹ̀jẹ̀ wa nìyí! Ẹ wá wo ọmọ wa! Ọmọ Kaldarbek wa!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ohun tí a bá wá. Apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀.

Ó jókòó, ó fi ìka ka tiwọn. "Lọ́dọ̀ Saykal, ìkẹjọ ni Kaldarbek. Lọ́dọ̀ tìrẹ, ìkeje." Ó mi orí. "Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo bá wà nínú ọgbà ìran méje, a ti wà nínú ọgbà. Má bínú, ọmọ mi."

Màmá mi tún yẹtí dì sínú áńkáṣíìfù.

Bàbá Osmon pa àgùntàn síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ìbátan kì í wálé kó lọ lófìfo. Ó gbé orí àgùntàn síwájú mi, bí a ti í ṣe fún ẹni ọ̀wọ̀. N kò tíì jẹ ẹran tó le tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ó jinná dáadáa. Saykal gbé tíì wá.

"Ẹ mu tíì yín, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

"Ẹ" ti padà dé. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì.

Fún odindi oṣù kan a kò rí ara wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò mọ ìbànújẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àdúgbò ní iye ọmọ tiwọn, ti àwa sì fi igba ó lé mẹ́rìnlá ju tiwọn lọ. Ọ̀gá wa ní a kò gbọdọ̀ fi ìlà náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tì wá mọ́ yàrá kan pé kí a tún un kà.

Saykal jókòó sí ìkangun tábìlì kan, èmi sí ìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ewé kẹtàlá," ó ní, láìgbójú sókè.

"Mo ti wò ó, Àbúrò."

"Nurjan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ odò. Ẹ wo ojú ewé ogójì. Nurjan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, òkè odò. Orúkọ bàbá yàtọ̀."

"Ọmọ méjì ni, bóyá."

"Àpá kan náà wà ní ìgbọ̀nwọ́ àwọn méjèèjì? Mo kọ ọ́ síbẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Áà! Àkọ́bí ni. Bàbá àgbà rẹ̀ ló gbà á tọ́."

Mo fọwọ́ lu tábìlì. Báwo ni a ṣe gbàgbé? Àwọn àgbà wa máa ń gba àkọ́bí tí ọmọ wọn bí tọ́. Ọmọ náà á máa pe bàbá àgbà ní bàbá, á sì máa pe bàbá tó bí i ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a bá dé ilé àgbà, wọ́n á ní, "Ọmọ mi nìyí." Bí a bá sọdá sí ilé òbí, àwọn náà á ní, "Ọmọ mi ni." Kò sẹ́ni tó purọ́. Àwa la kọ ọmọ kan sílé méjì.

Inú mi dùn bí inú ẹni tó rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń jò. Mo ń fa ìlà pa orúkọ, mo ń sọ̀rọ̀ lọ. "O rí i, bó bá jẹ́ ohun tí ọmọ ń pe ènìyàn la tẹ̀ lé, bàbá gan-an á pòórá. Ọmọ á fò lọ bá bàbá àgbà tààrà. Ìran kan á kàn sọnù—"

Saykal ti gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Taalay, tún ohun tó o sọ yẹn sọ."

"Ìran kan á sọnù."

"Ta ló tọ́ bàbá àgbà rẹ, Sadyr?"

"N kò mọ̀. Bàbá mi ì bá mọ̀."

"Ta ló kù tó mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá Batma, lórí òkè."

Ó dìde, ó wọ kóòtù. "Bàbá mi ló máa wakọ̀. Etí ara rẹ̀ ni kó fi gbọ́."

Wákàtí mẹ́fà ni a lò lọ́nà. Ìyá Batma ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ó ń fún wàrà ẹṣin lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ó fẹnu kò mí lórí, ó wo Saykal láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ wọlé kẹ́ ẹ tó purọ́ ohun tẹ́ ẹ bá wá fún mi."

Mo béèrè ọmọ ẹni tí Sadyr jẹ́.

"Bàbá mi Sadyr? Ọmọ Imanaly ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ẹlòmíràn láàrin wọn, Ìyá?"

"Bekten wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. 'Ẹ̀gbọ́n Bekten' ló ń pè é títí tó fi kú."

Ẹ̀gbọ́n gidi náà là ń pè ní ẹ̀gbọ́n; ọ̀rọ̀ náà kò fi nǹkan kan hàn. Saykal di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, bí ẹni tó ń dágbére.

Bàbá Osmon ló gbẹ́nu sọ̀rọ̀. Ó rọra béèrè, kò wo ọmọ rẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí Bekten kú, ẹkún wo ni Sadyr sun?"

Ìyá Batma wò ó. Gbogbo wa mọ ohun tó ń béèrè. Bí òkú bá sùn lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ń bọ̀ á ké ohun tí òkú jẹ́ sí i kí gbogbo ayé gbọ́. Àbúrò á ké "Ẹ̀gbọ́n mi!" Ọ̀rẹ́ á ké "Ọ̀rẹ́ mi!" Àwọn ọmọ òkú nìkan ló ń di àmùrè mọ́dìí, tí wọ́n ń fara ti ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá àgbà di ojú.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí," ó ní. "Bàbá mi di àmùrè. Ó mú ọ̀pá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ké, 'Bàbá mi o! Bàbá mi tí n kò pè ní bàbá rí!'" Ó la ojú. "Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Ọmọdé ni mí. N kò bi í."

Bàbá Osmon gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Bàbá mi. Sadyr. Bekten. Imanaly. Nígbà tó dé Kaldarbek, ìka mẹ́jọ ló dúró ṣánṣán. Ó tún un kà. Mẹ́jọ.

"A ti jáde nínú ọgbà," ó ní. Ó wò mí. "Ó ṣe mí bákan o. Mo ti ń pè ọ́ ní ọmọ mi."

"Ẹ ṣì lè máa pè mí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Àna kì í jókòó síbi ọlá tó o jókòó yẹn," ó ní. "Sún sẹ́nu ọ̀nà." Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù kẹjọ la ṣègbéyàwó. Iléèwé kejì ṣí ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìpín méjì péré, ìlà wa sì gba ẹ̀bá odò lọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, màmá mi we ìborí funfun fún Saykal. Ó wá sọ ohun tí gbogbo ìyá ọkọ ń sọ.

"Àkọ́bí yín, èmi ni mo ni ín o. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Saykal kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ màmá mi mú.

"Ẹ gbà á, Màmá. Lọ́dọ̀ yín ni yóò ti máa sùn, lọ́dọ̀ yín ni yóò ti máa jẹun. Ṣùgbọ́n Taalay ni kó máa pè ní bàbá."

Màmá mi yíjú sí mi.

"Kó pè é bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kó sì pè é sókè."