Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ Nínú Okùn Oníjàrá

Ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni onígbàjámọ̀ kan ṣe bá obìnrin tó máa gba ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Okùn ló gbé e rọ̀ sórí igi àjà nínú gbọ̀ngàn eré àtijọ́ kan. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, ó sì di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń sùn. Àpótí abẹ já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ké.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo," obìnrin náà sọ láìlajú. "Mi ò pokùn so. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo lèèyàn ń dorí kodò ṣe?"

"Mò ń dán okùn wò kí n tó fi so ẹlòmíì. Ṣé ẹ̀yin lè fi abẹ tẹ́ ẹ ò tíì dán wò fá orí oníbàárà?"

Ọkùnrin náà ṣa àwọn abẹ rẹ̀ nílẹ̀. Ó wá fá orí òṣèré kan ni, òṣèré náà ò sì tíì dé, ló bá jókòó, ó ń wo bí obìnrin náà ṣe ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan tìmùtìmù. Nígbà tó dìde, òòyì kọ́ ọ. Ọkùnrin náà sáré di èjìká rẹ̀ mú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Oníjàrá ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi okùn di òṣèré, kó fà á sókè, kí òṣèré náà dà bí ẹni tó ń fò lójú àwọn òǹwòran. Àwọn kan tún ń wá bá a tí kì í ṣe òṣèré rárá, àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń wá, tí wọ́n kàn fẹ́ kí okùn gbá àwọn mọ́ra, kí ilẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn fúngbà díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ìranù ni. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn mọ̀ pé oríṣiríṣi nǹkan lèèyàn fi ń wá ìsinmi láyé yìí.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe onígbàjámọ̀, torí abẹ rẹ̀ kì í gé èèyàn lára. Ọdún yẹn ló sin bàbá rẹ̀. Baba náà ò ṣíwọ́ àtimáa sọ pé "ara mi le" títí ara fi kọ̀ jálẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló kú sí. Láti ìgbà náà, èjìká ọmọ ò balẹ̀ mọ́, oorun sì ti di àlejò lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà sí gbọ̀ngàn, ó ní òun gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé.

"Ẹ tún ń wá búrọ́ọ̀ṣì?" Oníjàrá bi í.

"Àní mi ò tíì rí i."

"Ẹ wo àpò àyà yín. Ó ti yọjú látìgbà tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Ojú tì í dé etí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bu tíì fún un. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, Oníjàrá náà á wá jókòó sórí àga oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, wọ́n á jọ máa wo òjò. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbànújẹ́ mọ bó ṣe ń sún èèyàn méjì mọ́ra.

Ọjọ́ kan ni Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ jáde: "Èmi náà ń fẹ́ kó o so mí rọ̀."

Oníjàrá ká apá ẹ̀wù Jẹ́jẹ́ sókè, ó fi ìka tọ ẹ̀yìn apá ọ̀tún rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìta, lókè ìgúnpá. "Iṣan kan gba ibí kọjá. Òun ló ń gbé ọrùn ọwọ́ rẹ sókè. Kò jìn sí awọ, egungun ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí okùn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, ọwọ́ á rọ."

"Ṣé á dùn mí kó tó rọ?"

"Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ó lè má dùn ẹ́ rárá. Ó lè dà bíi pé èèrà ń rìn lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ, tàbí kí ibẹ̀ kàn kú. Bó o bá ti gbọ́ ọ lára, sọ̀rọ̀. Má dúró kó dùn. Mo máa sọ ẹ́ kalẹ̀, bí okùn ò bá ṣeé tú, mo máa gé e." Ó gbá àlùmọ́gàjí tó wà nígbàdí rẹ̀. "Okùn kan ò níyì tó ọwọ́ èèyàn."

"Bí mo bá fún ìka rẹ mọ́ra ńkọ́? Ṣebí wàá mọ̀ pé ọwọ́ mi wà láàyè?"

"Èèyàn lè fún nǹkan mọ́ra kí iṣan yìí sì ti bà jẹ́. Gbígbé ni mo fẹ́. Gbé ọrùn ọwọ́ sókè, bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Bẹ́ẹ̀ yẹn. Màá máa bi ẹ́ léraléra, o ò gbọdọ̀ bínú."

"Ta ló máa bínú sí ẹ, Oníjàrá mi?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tẹ́ okùn náà ní ìlà-ìlà kó má baà gé ibì kan. Ó yẹ ibi tí iṣan yẹn gbà sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìbàdí àti itan gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ara. Nígbà tí ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú bú jáde. Oníjàrá ò ní kó dákẹ́. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń bi í léraléra nípa ọwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó gbà á padà.

Ọ̀sán tó pé ọdún kan tí baba kú ni nǹkan bà jẹ́. Òjò ti ṣú, iná ti lọ, gbọ̀ngàn dúdú. Oníjàrá di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fà á sókè. Níbi tí Jẹ́jẹ́ ti ń fì rọra-rọra, okùn apá ọ̀tún yẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n òkè yẹn nìkan ni bàbá rẹ̀ kì í ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣáà fẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i. "Kò sí nǹkan," ló wí.

"Gbé ọrùn ọwọ́ sókè."

Ó gbìyànjú. Kò gbéra. "Mo ti gbé e."

Oníjàrá ò yí lọ sẹ́yìn lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu Jẹ́jẹ́ ti tó fún un.

Nígbà tí Oníjàrá fi tú okùn, ọwọ́ ọ̀tún ti rọ láti ọrùn ọwọ́, àwọn ìka ń wolẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbé apá sókè, ọwọ́ ò bá a lọ. Oníjàrá gbá ọwọ́ náà mú, ó ń pè é bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun.

Dókítà ní iṣan náà ò já, títẹ̀ ló tẹ̀. Ó lè padà, ó lè pẹ́, òun ò sì lè búra pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Wọ́n fi nǹkan líle gbé ọrùn ọwọ́ náà dúró. Onígbàjámọ̀ tí kò lè di abẹ mú, kí la fẹ́ máa pè é? Jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Oníjàrá kò sá. Ó bá a lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó bá màmá níbi tó ti ń ká aṣọ, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"O so ọmọ mi rọ̀," ni màmá wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ìyẹn ló wá burú. "Mo sin bàbá tán, ìwọ ń so ọmọ rọ̀."

"Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Èmi ni mo di okùn. Ó yẹ kí n wo ọwọ́ rẹ̀."

Ó gbójú sókè wo Jẹ́jẹ́. Gbólóhùn kan péré ló ń retí. Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀.

"Dìde," ni màmá wí. "Má tẹ ilé yìí mọ́."

Jẹ́jẹ́ lé e bá lẹ́nu ọ̀nà. Oníjàrá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo ní kó o gbé ọwọ́, ṣé ó gbéra?"

"Rárá."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i ni."

"O wá dúró, ìyá rẹ ń bú mi." Kò sunkún. "Èmi náà jẹ̀bi. Ká ní àlejò ni ọ́ ni, ǹ bá ti fojú ara mi wo ọwọ́ yẹn. Torí pé mo fẹ́ràn rẹ ni mo ṣe gba ẹnu rẹ gbọ́. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń fọ́ mi lójú."

Ó wọnú òjò lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò so ẹnikẹ́ni rọ̀ mọ́. Aṣọ ìkélé ló kù tó ń rán nínú gbọ̀ngàn.

Oṣù ń gorí oṣù. Jẹ́jẹ́ ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń kọ́ ọwọ́ ní ìrìn nílé ìwòsàn, á gbé ọwọ́ sórí tábìlì, á máa bẹ ìka pé kó dìde. Ó pẹ́ kí àtàǹpàkò tó mira. Màmá rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì, tó ń gé oúnjẹ fún un. Ọkùnrin tó ti ń fárí fún gbogbo àdúgbò, ìyá rẹ̀ ló wá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń gé e lára.

Àárọ̀ kan, màmá ń fi òróró wọ́ apá náà fún un. Ó tẹ ibì kan, Jẹ́jẹ́ fà sẹ́yìn.

"Ó dùn ẹ́?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

Màmá dáwọ́ dúró. "Bí bàbá rẹ ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí mo bá bi í, á ní kò sí nǹkan. Ojú mi ń rí i, etí mi ń gbọ́ 'kò sí nǹkan'. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká rí àìsàn wò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí lẹ máa pa mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jẹ́jẹ́ ní akínyẹmí ara. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, ó dùn mí. Ó sì béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Oníjàrá. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n gbé ọwọ́, ọwọ́ ti kú, mo ní mo ti gbé e. Mo wá jẹ́ kẹ́ ẹ lé e jáde."

Màmá dé ìgò òróró, ó fi gèlè dé orí. "Wọ bàtà rẹ."

"Níbo là ń lọ?"

"Èébú tí mo bú ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ló máa bá mi gbà á padà?"

Àárín aṣọ ìkélé ni wọ́n ti bá Oníjàrá, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti rù. Màmá ò jókòó. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ẹni tó parọ́ ló wà lẹ́yìn mi yìí, òun ló ni ọ̀rọ̀ tó kù." Ó sì jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀?" Oníjàrá bi í.

"Ẹ̀bẹ̀ ni. Mo sì fẹ́ kó o fẹ́ mi." Ojú Jẹ́jẹ́ pọ́n. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó o máa fẹ́. Ọwọ́ yìí ò tíì gbé dáadáa. Ẹ̀yìn àtàǹpàkò ò mọ nǹkan kan. Bí mo bá di abẹ mú, ó ń gbọ̀n. Bóyá mi ò ní fárí fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi. Mo ń sunkún bàbá mi síbẹ̀. Mo ń bínú sí ẹ nígbà míì, mo mọ̀ pé kò tọ́. Mo ń ṣàárò rẹ débi pé oúnjẹ ò wọ ọ̀fun mi."

Oníjàrá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó tú nǹkan líle náà kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà. "Gbé e."

Ọwọ́ gbéra, ó gbọ̀n, ó dé àárín méjì, ó padà wálẹ̀. Oníjàrá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Kò sọ pé á dáa.

"Èmi náà ń bínú sí ẹ," ló wí níkẹyìn. "Kò tíì tán."

"Màá dúró dè é."

"Má dúró níta. Jókòó síbí, bá mi di etí aṣọ yìí mú. Ọwọ́ òsì rẹ ò ṣàìsàn."

Nígbà tí ìbínú náà rọ̀, wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba, nínú yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Ọwọ́ ò padà tán títí dòní. Jẹ́jẹ́ fi abẹ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ ẹ̀rọ ìgẹrun. Bóyá okùn tún kàn án lára, tọkọtaya ló ni ìyẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, akọ̀wé bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí. Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyá rẹ̀ di àga mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo gbà."

Akọ̀wé ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó yíjú sí ìyàwó bóyá á bínú, ó bá a tó ń sunkún, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà," ni Oníjàrá wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."