Kóòtù Funfun Sylvanus

"Ẹ yàgò fún Dókítà o!"

Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ìsìn Máàsì ní Imoru ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, Sylvanus kò sì sọ fún wọn pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn fọwọ́ tún kọ́là kóòtù funfun tó wọ̀ ṣe, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun ilẹ̀.

Télọ̀ ọmọ Àkókó kan ní Ọ̀wọ̀ ló rán kóòtù náà. Ọdún 1957 ni. Ní ọdún tó ṣáájú ni Sylvanus já ẹ̀kọ́ wolé-wolé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tó ku oṣù mẹ́fà péré kó parí, ó ní ìwé dókítà lòun fẹ́ kà. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọlé, lẹ́tà ló ń retí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Sylvanus kò tíì rí ilé, ọmọ ti ń jẹ́ Dókítà.

Lọ́jọ́ Ajé, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Sylvanus. Lateef ló sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ kàwé wolé-wolé. Òun ti parí tirẹ̀, aṣọ káàkí iṣẹ́ rẹ̀ sì le gbagidi.

"Sylvanus! Àbí kí n dọ̀bálẹ̀ fún Dókítà?"

"Lateef, o ṣì ń yọjú wo tanwíjí nínú ìkòkò omi àwọn ìyá arúgbó?"

"Mò ń yọjú. Tanwíjí kì í gbéra ga sí mi." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìgbóná ti wọ abúlé kan lọ́nà Elegbeka. Èèyàn mẹ́rin ti kú. Mo wá bupá fún àwọn ọmọdé ni. Veronica dà?"

Àbúrò Sylvanus ni Veronica, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Adéfúnkẹ́, ìyá wọn, ti ká apá aṣọ ọmọ náà sókè, kí Lateef lè họ awọ apá rẹ̀ díẹ̀, kó sì fi oògùn sí i. Gbogbo àdúgbò ti pé, wọ́n ń wo ojú Sylvanus.

Sylvanus mọ̀ pé oògùn náà dára. Àpá tirẹ̀ wà ní èjìká. Ṣùgbọ́n kí Lateef oníkáàkí máa tọ́jú ará ilé òun lójú gbogbo Imoru!

"Màmá, ẹ mú un wọlé. Ṣé ilé dókítà ni wolé-wolé yóò ti wá bupá? Bí mo bá dé Ìbàdàn, n ó mú ojúlówó oògùn wá fún un."

"Ọ̀rẹ́, oògùn kan náà ni. Ìwọ náà kọ́ ọ. Má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yànga."

"Ṣé ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ni?"

Adéfúnkẹ́ wo káàkí, ó wo kóòtù funfun. Kóòtù ló borí. "Ẹ má bínú, ọ̀gá wolé-wolé. Ọmọ mi ló mọ̀ jù."

Àwọn aládùúgbò tí kò ní dókítà nílé na apá tọmọ-tọmọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara Veronica gbóná bí iná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìléròrò ti bo ojú rẹ̀.

"Dókítà," ni ìyá rẹ̀ ń wí, "kí la ó ṣe?"

Sylvanus dìde lọ́gán. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀wọ̀, níbi tí Lateef ti ń ṣiṣẹ́, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Lateef kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

"Kí ìgbóná tó dé là ń bupá," ni Lateef wí. "Kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ náà kọ́ ọ."

Veronica kò kú. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló lọ. Adéfúnkẹ́ gé kóòtù funfun náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń fi í nu ọyún ojú ọmọ rẹ̀. 

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé: Sylvanus kò yege. Ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ wolé-wolé; wọ́n ní ẹlòmíràn ti gba àyè rẹ̀.

Veronica gbọ́ bí bébà ṣe ń dún. "Búọ̀dá Dókítà, ṣé lẹ́tà yín nìyẹn? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n ṣì dúró díẹ̀."

"Mò ń dúró. Bí ẹ bá ti kàwé dókítà tán, ojú mi ni kí ẹ kọ́kọ́ là."

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tó dá Sylvanus lẹ́bi pé ó fẹ́ di dókítà. Ohun rere ló lé. Oyè tí kò tíì jẹ ló fi gan iṣẹ́ tí ìbá gba ojú àbúrò rẹ̀ là. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í wo ojú afọ́jú sàn.

Àwọn ará Imoru ti padà sí pípè é ní Sylvanus lásán. Veronica nìkan ló kù tó ń pè é ní Dókítà.