Jẹ́ Kó Kọ́kọ́ Mí

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi okùn fa mọ́tò Ọlátúbọ̀sún kúrò nílé Abọ́sẹ̀dé ní Ìjan ni òórùn èéfín ti ń jáde lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tan án. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé, ó dì í mú ṣinṣin bí ọmọdé ṣe ń di súìtì mú. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Fájuyì ní Adó, ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù. Atẹ́gùn ń fẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ òórùn náà ò lọ.

Àbúrò rẹ̀ ni Ọlátúbọ̀sún, tí gbogbo awakọ̀ Adó ń pè ní Bọ́sún. Abọ́sẹ̀dé ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Mẹkáníìkì ni Bọ́sún, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni kí ó máa wọn epo àti afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ó ní sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wọn èéfín, tó máa ń dè mọ́ páìpù sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, tí wáyà rẹ̀ á wọlé wá sára aago kékeré kan níwájú awakọ̀. Bí nọ́ńbà aago bá wálẹ̀, epo ti pọ̀ jù, èéfín tó ń pa èèyàn ni yóò máa jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù, nọ́ńbà á sì gòkè dé òpin. Kí Bọ́sún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ́kọ́ tú sẹ́ńsọ̀ náà, á gbé e sókè sínú atẹ́gùn, kí èéfín iṣẹ́ àná lè kúrò lára rẹ̀. Á ní, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ mí." Abọ́sẹ̀dé kì í gbọ́ ọ kó má rẹ́rìn-ín.

Bọ́sún àti Ọlálérè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n bá Bọ́sún nínú mọ́tò yìí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù ti wá sílẹ̀, èéfín sì ti pa á. Ọlálérè ló sunkún jù. Ó ní ìjì ló fa ilẹ̀kùn wálẹ̀. Abọ́sẹ̀dé mọ ilẹ̀kùn yẹn. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń fà á, á sì fi gbogbo ara sí i. Ìjì wo ló lọ́wọ́? Wòlíì ìjọ wọn ní kó dárí jì í, kó fẹjọ́ fún Ọlọ́run. Ẹnu rẹ̀ ṣe àmín, inú rẹ̀ ò ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí Ọlálérè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, kó sì jìyà rẹ̀. Nígbà tí Bọ́sún wá bá a lójú àlá, tí ètè rẹ̀ pọ́n bí ata, tó kàn ń tọ́ka sí mọ́tò, Abọ́sẹ̀dé mọ ibi tó yẹ kó gbé mọ́tò náà lọ.

Bí Ọlálérè ṣe rí mọ́tò náà, ó fẹ́ pẹ̀yìn dà. Ìtìjú àwọn awakọ̀ tó jókòó lábẹ́ máńgòrò ni kò jẹ́ kó lọ. Abọ́sẹ̀dé ní kó bá òun tún un ṣe, òun fẹ́ máa gbé e lọ síbi tí òun ti ń kọ́ni. Ọlálérè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ gbayawu nítorí òórùn, ó so wáyà aago mọ́ bátìrì tààrà, ó sì jókòó sáyè awakọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ṣì wà lára páìpù láti ọjọ́ tí Bọ́sún kú.

"Lérè, o ò ní jẹ́ kó kọ́kọ́ mí?"

"Àǹtí, ẹ fìyẹn sílẹ̀. Àṣà Bọ́sún nìyẹn, kò pọn dandan."

Ẹ̀rù ló ń bà á láti fọwọ́ kan ohun tí ọwọ́ òkú kàn kẹ́yìn. Abọ́sẹ̀dé rí i, kò sì rọ̀ ọ́ mọ́.

Aago tàn. Nọ́ńbà gòkè dé òpin bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Á wálẹ̀, á dúró, á gòkè díẹ̀, á tún wálẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Ọlálérè gbá aago náà. Ó wúkọ́. Ó yán, ó di iwájú orí mú. Abọ́sẹ̀dé wò ó dáadáa: ìgbàkígbà tí ó bá mí sóde ni nọ́ńbà ń wálẹ̀.

Ọlálérè na ọwọ́ òsì láti jáde. Ọwọ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, níbi tí kò sí nǹkan kan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé gíláàsì ló kọlù. Ó tì í. Kò lọ.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹ bá mi ṣí ulẹ̀kùn."

"Ó wà ní ṣíṣí, Lérè."

"Ó tì. Ẹ jọ̀ọ́."

Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó rọra bi í pé, "Ta ló tì í?"

Kì í ṣe Abọ́sẹ̀dé ni Ọlálérè ń wò. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ni. Ó sùn lọ nínú mọ́tò. Mo jẹ́ kí epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù, mo fa ulẹ̀kùn wálẹ̀. Gbogbo awakọ̀ ló ń béèrè Bọ́sún, kò sẹ́ni tó ń béèrè mi. Ó jí, Àǹtí. Ó kan ulẹ̀kùn títí. Mo dúró síta, mò ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e padà sínú mọ́tò."

Sípánà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Abọ́sẹ̀dé. Ó mọ̀ dájú pé bí òun bá wọ abẹ́ mọ́tò, tí òun tú sẹ́ńsọ̀ náà, tí òun gbé e sínú atẹ́gùn, ọkùnrin yìí yóò mí. Ó ronú kan ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lára irin. Inú rẹ̀ gbóná, ó sì dùn mọ́ ọn pé ó gbóná. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé sípánà náà.

Nígbà tí àwọn awakọ̀ fi sáré dé, ètè Ọlálérè ti pọ́n bí ata.

Dókítà ní èéfín mọ́tò ló pa á. Ó bi wọ́n pé inú yàrá wo ni wọ́n tì í mọ́. Wọ́n ní ìta gbangba ni. Wọ́n wá ń jiyàn bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Abọ́sẹ̀dé la ọwọ́ rẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti dá àpá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níbi tó ti wà láti àárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ síbi mọ́tò náà. Ó fi sípánà yẹn tú sẹ́ńsọ̀, ó jókòó síwájú aago, ó na sẹ́ńsọ̀ náà jáde lójú fèrèsé, jìnnà sí ẹnu rẹ̀, sínú atẹ́gùn. Ó ní, "Bọ́sún, mí." Òórùn èéfín lọ. Nọ́ńbà gòkè dé òpin, ó sì dúró. Omi ìtura bọ́ lójú Abọ́sẹ̀dé.

Abọ́sẹ̀dé mí sóde. Nọ́ńbà náà wálẹ̀ díẹ̀.