Ahọ́n-Ò-Parọ́ àti Omi Oníyọ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn un nì, tètè gbé e sápò. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára ìtàn yìí ní ìṣẹ́jú kan, kó tó gbójú padà, ọmọ á ti fẹ́ẹ̀ kú.

Ahọ́n-ò-parọ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Alásè ni ìyá rẹ̀ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà. Igba òṣìṣẹ́ ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wọn: tọ́ ọ wò kó o tó bù ú fúnni; ohun tí kò bá dùn lẹ́nu tìẹ, má gbé e síwájú ọmọ ẹlòmíì. Ahọ́n-ò-parọ́ á fi ṣíbí kan ọbẹ̀ báyìí, á ní, "Mọ́mì, iyọ̀ fi wóró mẹ́ta pọ̀ jù." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì máa ń rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìgbẹ́ gbuuru ti ń da àbúrò rẹ̀ láàmú láti ọjọ́ méjì. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Kí ìyá tó sáré lọ síbi iṣẹ́, ó na àpò oògùn oníyẹ̀fun kan tí nọ́ọ̀sì àdúgbò fún un sí Ahọ́n-ò-parọ́.

"Pò ó sínú omi mímọ́ lítà kan. Ṣíbí kan, ṣíbí kan. Kó o rí i pé ó mu ún o!"

Ó pò ó lóòótọ́. Ṣíbí kìíní, Rọ̀bọ̀tọ̀ tu ú dànù. Ìkejì, ó tu ú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. Ni Ahọ́n-ò-parọ́ bá tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀! Ta ló ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní iyọ̀? Àsèbàjẹ́ wo lèyí?"

Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ó bu omi míì, ó da ṣúgà sí i, ife kan gbáko. Rọ̀bọ̀tọ̀ wá ń gbé e mu bí ẹni pé bàbá ẹ̀ ló gbẹ́ kànga.

Fóònù dún. "Ṣé ó ti mu ún?"

"Ó ti mu ún tán, mà."

Ẹ gbọ́ ahọ́n tí kì í parọ́!

Kò pẹ́, ikùn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Èyí tó ń jáde pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ojú Rọ̀bọ̀tọ̀ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, kò sí omijé. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ sunkún mọ́, ìyẹn ló wá burú jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọwọ́ já bọ́ bí aṣọ tútù.

"Rọ̀bọ̀tọ̀, jọ̀ọ́, fà mí nírun. Bù mí jẹ. Ṣe nǹkan kan!"

Rọ̀bọ̀tọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ahọ́n-ò-parọ́ gbé e mọ́yà, ó sáré láìwọ bàtà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì fa awọ ikùn ọmọ sókè, ó fi í sílẹ̀. Awọ ò tètè padà. "Kí ló ti mu látàárọ̀?"

"Oògùn yẹn, mà."

"Lítà kan gbáko?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ojú nọ́ọ̀sì yí padà. "Bó bá mu ún tán tó ṣì rí báyìí, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára mi. Ilé-ìwòsàn ńlá nìkan ló kù, wákàtí méjì ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa lè..."

Orúnkún Ahọ́n-ò-parọ́ kanlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, mà! Mi ò fún un. Ó níyọ̀ jù, mo dà á nù. Omi ṣúgà ni mo fún un. Ẹ má jẹ́ kó kú, mà!"

Kí ó tó sọ ọ́ tán, nọ́ọ̀sì ti ń já àpò tuntun. "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnu ẹ. Ó ṣì lè gbé e mì. Mú ṣíbí." Bí wọ́n ṣe ń fún un díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Tọ́ omijé ẹ wò."

"Ó níyọ̀, mà."

"Òógùn ńkọ́? Iyọ̀. Omi àti iyọ̀ ara ni ìgbẹ́ gbuuru jọ ń kó lọ. Bí omi nìkan bá dé inú ìfun, kò rọrùn fún un láti wọlé. Iyọ̀ àti ìwọ̀nba ṣúgà ló ń fà á lọ́wọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá wá pọ̀ jù, ńṣe ló tún ń fa omi ara jáde. Àwọn èròjà míì wà nínú ẹ̀ tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Ṣó o rí i bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe rọ? Oògùn lèyí, ọmọ alásè. Kì í ṣe ọbẹ̀."

Ṣíbí kan, ṣíbí kan. Ahọ́n-ò-parọ́ ka igba, ó ṣì ń kà á lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Rọ̀bọ̀tọ̀ lajú, ó gba ṣíbí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì tọ̀ sí i lára yàà. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́: "Ara ti rómi!" Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n tọ̀ sí lára tí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, òótọ́ korò, oògùn kì í dùn, àwọn méjèèjì ló sì gba ọmọ yìí là. Ẹ má fi ohun tẹ́nu fẹ́ wọn ohun tára nílò. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ kíá, torí ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín, ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa tẹ̀ lé.

Bí ìyá ṣe gbọ́, ó já wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ń mí hẹlẹ. Ahọ́n-ò-parọ́ kúnlẹ̀, ó ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó dijú de ìgbájú.

Ìgbájú ò dé, ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àpò kìíní tẹ́ ẹ fún mi lánàá, èmi náà tọ́ ọ wò, mo sì dà á nù."