Ọ̀rá Dúdú Tó Gbé Iná

"Baba ọmọ, wáyà áyọ́ọ̀nù yìí ti bó o," ni ìyàwó ké láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. "Aṣọ ilé-ìwé mẹ́wàá ni mo fẹ́ lọ̀ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó-Ṣeé-Tún-Ṣe ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí kò sí fóònù tó já sómi tí wọ́n gbé wá bá a rí tí kò ní sọ pé, "Ó ṣeé tún ṣe." Orúkọ náà ti ń pa á bí ọtí.

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ. Téèpù oníná ti tán. Ibi tí wọ́n ti ń tà á kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló wúwo láti dìde, ká má purọ́. Àwọn ọ̀rá dúdú kan tó ń dán, tó sì yi dáadáa, wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà, ló ń kó o wá fún un kó lè máa fi wé pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tó ń gbé iná nínú fóònù. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó wé e mọ́ ibi tí wáyà ti bó, ó sì fi òwú ìyàwó rẹ̀ dì í.

"Ṣé kò ní gbé èèyàn báyìí?" ni ìyàwó bi í.

"Rọ́bà? Ìgbà wo ni rọ́bà gbé iná rí? Wáyà fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n fi bò ó?"

Ìyàwó gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ọkọ tó mọṣẹ́ gbọ́? Tẹ́sítà tó fi ń mọ ohun tó ń gbé iná wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yìí nígbà náà. Kò yọ ọ́.

Ìyàwó wọ́n omi sára aṣọ, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún fa wáyà kúrò lórí kọ́là. Igbe kan ṣoṣo ló ké. Ọwọ́ rẹ̀ pa dé mọ́ wáyà náà, kò lè jù ú sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ kò sáré dì í mú, ìdí súìṣì ló sá lọ. Àmọ́ kó tó pa súìṣì, ọ̀rá náà ti gbóná, ó ti yọ́, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó.

Àwọn dókítà gé àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé ọsibítù, ọkọ na èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá náà sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé rọ́bà kì í gbé iná."

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èyí ń gbé e. Torí kó lè gbé e gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é."

"Báwo?"

"Tí o bá ń bọ́ súẹ́tà, ṣé o máa ń gbọ́ bó ṣe ń ta pẹ́pẹ́? Iná nìyẹn. Kò lè pa èèyàn, àmọ́ ó lè pa pánẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń po èédú lúbúlúbú mọ́ ọ̀rá yìí, kí iná náà lè gba ara rẹ̀ kọjá lọ, kó má ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ sínú ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa epo bẹntiróòlù, kó má baà ṣẹ́ iná. Òmíràn tiẹ̀ wà tí kò ní èédú rárá, tí àwọn onímọ̀ se ara rọ́bà fúnra rẹ̀ títí tó fi ń gbé iná, òun ni wọ́n ń lò lójú fóònù mìíràn. Nǹkan dúdú roboto tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì rìmóòtù ńkọ́? Rọ́bà ni. Òun ló ń so iná pọ̀ tí o bá tẹ̀ ẹ́."

Ọkọ di orí mú. "Ojoojúmọ́ ni mò ń nu nǹkan dúdú yẹn nínú rìmóòtù tí wọ́n ń gbé wá fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́!"

"Èmi ni mo kó o fún ọ," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó bú sẹ́kún. "N kò sì la ẹnu mi kìlọ̀ fún ọ."

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sílé, ìyàwó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú òwú, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Ó tún gbìyànjú títí ó fi sú u.

"Ó-Ṣeé-Tún-Ṣe," ló pe ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Èyí ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a fi í sí ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, a ò sì ní fi bò. Rọ́bà kan yàtọ̀ sí ìkejì. Èyí tí wọ́n fi ń wé ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ibi tí wọ́n ṣe é fún ni kó mọ. Ẹ má fi wé wáyà, ẹ má sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ dúró lé e lórí tí ẹ bá ń tún iná ṣe. Wáyà tó bá ti bó, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná kíá, kí oníná pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná bá sì gbé ẹnikẹ́ni, ẹ má fọwọ́ kàn án, súìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí ẹ bá mọ̀ nípa nǹkan tí ẹ fún ẹlòmíràn, ẹ sọ ọ́ kó tó lò ó. Wáyà ṣeé pààrọ̀, ìka kì í hù padà.